Ta Ló Ń Bá Ọ Kọ Lẹ́tà?

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, 1986

Bàbá Àwọn Ọmọ,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àárò ilé. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ti ń jẹun gidi, àbí búrẹ́dì gbígbẹ lẹ ṣì ń jẹ lórí ìjókòó ọkọ̀ bí ẹ ṣe sọ lọ́jọ́sí? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ ti hu eyín tuntun. Àbúrò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ọkọ̀ ńlá tó bá kọjá lójú ọ̀nà ní "Bàbá mi". Màmá yín wá kí wa lánàá, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì pọ̀.

Mo rí fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ gbà. Ọkọ̀ yẹn tóbi lóòótọ́, táyà rẹ̀ ga jù yín lọ. Àwọn ọmọ ń jà sí fọ́tò náà títí tó fi fẹ́ẹ̀ ya, mo bá gbé e kọ́ sórí ògiri lókè máṣíìnì mi, níbi tí ojú mi ti máa ń bá a bí mo bá gbójú sókè kúrò lórí aṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ béèrè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà yẹn, lápá òsì yín, ta ni obìnrin tó dé akoto pupa, tó mú àsíá dání, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló ni ọkọ̀ náà àti ẹni tó ń wà á?

Mo padà lọ ka àwọn lẹ́tà yín àtẹ̀yìnwá. Nínú ti oṣù kẹwàá, ẹ ní Alásíá sọ pé òjò máa rọ̀. Nínú ti oṣù kọkànlá, Alásíá fún yín ní ìbọ̀wọ́. Nínú ti oṣù kejìlá, Alásíá sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Èmi náà ì bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Gbogbo àsìkò yìí, ọkùnrin ni mo pe Alásíá.

Mi ò bá yín jà o. Mo kàn ń béèrè ni.

Máṣíìnì mi tún ti dákẹ́. Ọkùnrin tó ń tún un ṣe ti wá lẹ́ẹ̀mẹta. Èèyàn dáadáa ni, ó máa ń bá àwọn ọmọ ṣeré.

Èmi ni,
Télọ̀ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta, 1986

Télọ̀ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí Màmá. Sọ fún wọn pé ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mò ń wọ̀.

Lẹ́tà rẹ ń pa mí lẹ́rìn-ín bọ̀, àfi ìgbà tí mo dé ìparí rẹ̀ tí ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn ná.

Iṣẹ́ ló sọ Alásíá ní Alásíá. Ọkọ̀ tí mò ń wà yìí, bí mo bá ti jókòó sínú rẹ̀, mi ò lè rí ẹni tó bá dúró lẹ́yìn mi. Kódà bí wọ́n bá kọ́ ilé síbẹ̀, mi ò ní rí i. Òkè la máa ń gbé òkúta lọ, ẹ̀yìn la sì fi ń rìn lọ bá ẹnu ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ. Bí a bá tètè dúró, òkúta á dà sílẹ̀. Bí a bá rìn jù, ọkọ̀ á bá òkúta wọlé. Obìnrin yẹn ló máa ń dúró sílẹ̀ lẹ́yìn wa, tó ń fi àsíá júwe, tó ń fun fèrè bí nǹkan bá fẹ́ ṣe. Ojú rẹ̀ ni ojú ẹ̀yìn mi. Opó ni. Èdè wa ló ń sọ, àwa méjì péré la sì ń sọ ọ́ níbí. Àwọn yòókù ò tilẹ̀ lè pe orúkọ mi, "Rọra" ni wọ́n ń pè mí lédè tiwọn, torí pé mi ò kì í sáré. Bí mo bá gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" lẹ́nu ẹnì kan láàárọ̀, ara mi á wálẹ̀. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn.

Ó wá kan tìrẹ. Máṣíìnì wo ló ń bàjẹ́ báyìí? Nígbà tí mo wà nílé, ṣé ó dákẹ́ rí? Ọkùnrin yẹn, ṣé kì í ṣe èyí tó máa ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé lè rí iṣan ọwọ́ rẹ̀? Kí ló ń bá àwọn ọmọ mi ṣeré fún? Ṣé àwọn ọmọ náà bàjẹ́ ni? Sọ fún un pé kó má wá sílé mọ́, kí o máa gbé máṣíìnì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Rárá, má lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ra òmíràn, màá fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.

Èmi náà ò bá ọ jà o. Ọ̀rọ̀ ni mo kàn ń sọ.

Ọkọ rẹ.


Ogúnjọ́ oṣù kẹfà, 1986

Bàbá Àwọn Ọmọ,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti oṣù kẹta, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn. Ṣé wọ́n dé ọ̀dọ̀ yín? Bó bá jẹ́ nítorí ọkùnrin máṣíìnì lẹ ṣe ń bínú, ó ti tún un ṣe, ó ti gba tirẹ̀, ó ti lọ.

Màmá ń béèrè yín, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ará ilé tó kọjú sí wa bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá ọmọ ńkọ́?" Mo ní ẹ kí i. Ẹ ò kí i. Èmi ni mo ń bá yín kí èèyàn kiri.

Ẹ ní ojú obìnrin yẹn ni ojú ẹ̀yìn yín. Mo ti ń gbé gbólóhùn yẹn kiri inú ilé láti ọjọ́ tí mo ti kà á. Mo ń gbálẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ mi. Mo ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́, ó wà lọ́dọ̀ mi. Iwájú ńkọ́? Ta ló wà níwájú yín?

Ẹ dá mi lóhùn.

Télọ̀.


Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje, 1986

Ìyàwó mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ìwọ àti àwọn ọmọ. Mo wà dáadáa. Jọ̀wọ́ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé, ọwọ́ mi dí. Wọ́n ti ní kí n sinmi lórí ọkọ̀ fúngbà díẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lọ́rùn mọ́. Ojú ọjọ́ dára níbí. Òtútù ti lọ, oòrùn sì ń ràn. Mo bẹ ẹnì kan pé kó bá mi kọ èyí torí pé mi ò ráyè.

Bá mi kí Màmá. Sọ fún àwọn ọmọ pé mò ń ronú wọn.

Ọkọ rẹ ni.


Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ, 1986

Bàbá Àwọn Ọmọ,

Mi ò kí ọ. Bí o bá rí i pé mi ò sọ "ẹ" fún ọ lónìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ọkọ mi ni mò ń sọ "ẹ" fún. Ẹni tó kọ lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Ta ló ń bá ọ kọ lẹ́tà? Iṣẹ́ ti fúyẹ́, síbẹ̀ o ò ráyè. Ọwọ́ rẹ dí, síbẹ̀ wọ́n ní kí o sinmi. Tí o bá fẹ́ purọ́ fún mi, ṣé o ò lè tò ó dáadáa ni? Ìwọ tí lẹ́tà rẹ máa ń tẹ̀ sápá kan bíi koríko tí atẹ́gùn fẹ́, tí o máa ń tẹ bírò títí ẹ̀yìn ìwé á fi wú, ìwọ lo wá ń kọ̀wé róbótó róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀? Mo gbé e fún Màmá. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi kọ́ ló kọ èyí." Kíá ni wọ́n tún yí ohùn padà, wọ́n ní bóyá ojú àwọn ló ń ṣe bàìbàì. Ojú wọn ò ṣe bàìbàì. Àánú mi ló ṣe wọ́n.

"Ìyàwó mi ọ̀wọ́n." Ìgbà wo lo pè mí bẹ́ẹ̀ rí? Télọ̀ ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ láti ìgbà tí o ti wá rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ mi, tí o ń padà wá ṣáá pé ó fún ọ nídìí, ṣòkòtò tó gba èèyàn méjì.

Mi ò lè sùn. Mo máa ń dùbúlẹ̀, màá máa rí yàrá yẹn tí mi ò dé rí. Ṣé orí ibùsùn rẹ ló jókòó sí nígbà tó ń kọ ọ́? Ṣé o ń sọ, tó ń kọ, tí ẹ wá dúró díẹ̀ kí ẹ rẹ́rìn-ín mi? Lánàá mo rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ọrùn rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ títí, orí rẹ̀ ò jáde.

Ìwọ obìnrin, mo mọ̀ pé ìwọ lò ń ka èyí fún un. Gbọ́. Àsíá ni wọ́n fún ọ níbi iṣẹ́, wọn ò fún ọ ní ọkọ mi. Bí ojú bá ń tì ọ́, jókòó kí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ̀wé sí mi, kí o sọ ohun tó wà láàárín yín. Bí ojú ò bá tì ọ́, kọ ọ́ náà.

Télọ̀.


Ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, 1986

Ìyàwó Rọra,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. Èmi ni Alásíá.

Èmi ni mo ka lẹ́tà rẹ sókè fún un, títí dé ibi tí o ti kọjú sí mi. Mo ka ìyẹn náà. Ó yí ojú sí ògiri, ó ní kí n má dá ọ lóhùn. Mo ní èmi kọ́ ni ìyàwó rẹ̀, mi ò ní í gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ọkọ rẹ wà láàyè. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí o lè fara balẹ̀ ka ìyókù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ṣèṣe. Àtàńpàkò nìkan ló kù níbẹ̀.

Oṣù karùn-ún ló ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn ńlá kan ń bọ̀ wá wo ilé iṣẹ́ wa, ọ̀gá tó ń darí wa sì ní kí n sọ̀kalẹ̀ wá dúró lẹ́nu géètì, kí n máa fi àsíá júwe ọ̀nà fún wọn. Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló máa wo ẹ̀yìn fún àwọn awakọ̀?" Ó ní, "Ṣebí wọ́n ní dígí." Mo sọ̀kalẹ̀.

Lókè, Rọra da òkúta rẹ̀ tán, ó wa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kò padé, òkúta kan ti há sí i. Ó sọ̀kalẹ̀ láti fi irin yọ ọ́. Awakọ̀ tuntun kan ń fi ẹ̀yìn bọ̀ láti wá da tirẹ̀. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ wá dorí kọ ibi tí Rọra wà. Kò rí i nínú dígí. Kò sì sẹ́ni tó máa fun fèrè. Nígbà tí Rọra gbọ́ ìró ọkọ̀ náà, ó ti dé ọrùn rẹ̀ tán. Ó sọ ara rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀. Ara rẹ̀ wọlé, ọwọ́ ló kù síta, ẹ̀yìn ọkọ̀ méjèèjì sì pàdé lórí rẹ̀.

Ẹnu géètì ni mo ti gbọ́ igbe. Mo ju àsíá sílẹ̀ níwájú àwọn àlejò.

Èmi ni mo bá a dé ọsibítù, torí pé gbogbo ohun tí dókítà ń bi í, èdè wa ló fi ń dáhùn. "Télọ̀, Télọ̀," bẹ́ẹ̀ ló ń pè ṣáá. Nọ́ọ̀sì rò pé aṣọ rẹ̀ tó ya ló ń dùn ún. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, wọ́n máa bá a wá ẹni tó máa rán an.

Ilé iṣẹ́ fẹ́ sọ pé ẹ̀bi rẹ̀ ni, pé kò yẹ kó sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kó ìgbìmọ̀ jọ, wọ́n pè mí. Kí n tó wọlé, ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n rántí pé mo ní ọmọ tí mò ń tọ́. Mo wọlé, mo sọ ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà àti ohun tí mo sọ fún un. Wọ́n ti gbà báyìí pé àwọn ló jẹ̀bi. Ọ̀gá yẹn ti lọ, ọkọ̀ kankan ò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn lókè mọ́ láìsí ẹni tó ń júwe. Àmọ́ ẹni náà kọ́ ni èmi. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ni wọ́n gbé mi lọ. Aṣọ mi kì í gbẹ.

Kí ló dé tí kò sọ fún ọ? Òun ni kí o bi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí a bá ti dé ibi tó yẹ kí n kọ nípa ọwọ́, á ní kí n kọ nípa ojú ọjọ́.

O ní kí n sọ ohun tó wà láàárín wa. Kò sí nǹkan kan. Àmọ́ ṣebí o ní kí n sọ̀rọ̀, màá sọ ọ́ tán. Ká ní kò ní ìyàwó ni, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní ìyàwó. Ó ń sọ̀rọ̀ rẹ títí etí mi fi ń kún. Èmi tí mi ò rí ọ rí, mo máa ń jowú rẹ.

Alásíá.


Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án, 1986

Alásíá,

Orí ìdúró ni mo wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí mo parí rẹ̀.

O ṣeun. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ, ọ̀rọ̀ tí o sọ níwájú ìgbìmọ̀ yẹn. Èébú tí mo bú ọ, jọ̀ọ́ fi jì mí.

Àmọ́ ìwọ ò purọ́ fún mi, èmi náà ò ní í purọ́ fún ọ. Owú tí mò ń jẹ báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni mò ń jowú lé lórí. Ní báyìí, mo mọ̀ pé o gbé omi sí i lẹ́nu. O rí i níbi tó ti ń sunkún. Orúkọ mi ló ń pè, ìwọ ló ń jẹ́ ẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú ìyẹn tán.

O ní aṣọ rẹ kì í gbẹ. Mo fẹ́ rán ẹ̀wù òjò kan fún ọ, èyí tí omi ò ní í wọ̀. Fi ìwọ̀n àyà rẹ ránṣẹ́, àti ti ìbàdí, àti gígùn rẹ. Nítorí ẹ̀wù ni o. Èmi náà sì fẹ́ mọ̀.

Bó bá ní kí o bá òun kọ lẹ́tà mìíràn, jọ̀ọ́, sọ fún un pé o ò ráyè.

Télọ̀.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá, 1986

Télọ̀,

Ọwọ́ òsì nìyí. Má rẹ́rìn-ín. Alásíá ní òun ò ráyè.

Mo ti ya ìwé dànù púpọ̀ kí èyí tó jáde. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọwọ́ tó rẹ̀ mí.

Nígbà tí mo jí ní ọsibítù, tí mo rí báńdéèjì, ìwọ kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò. Ọkùnrin máṣíìnì ni. Mo rí i nínú ilé mi, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó ń fi ìka mẹ́wàá tú máṣíìnì rẹ. Mo ní bí o bá gbọ́, o máa fi wá wéra. Ọkọ wo nìyẹn, tí kò lè fi bọ́tìnnì sínú ihò rẹ̀? Mo ní kí n ṣì dákẹ́ ná.

Lẹ́tà ìbínú rẹ wá dé. Alásíá rò pé ojú ló tì mí tí mo fi kọjú sí ògiri. Ẹ̀rín ni mò ń rín. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi rò pé obìnrin mìíràn ń bá òun du mí. Èmi yìí. Nígbà tó parí kíkà, mo ní kó tún un kà. Mo mọ̀ pé kò dáa. O ń sunkún nílé, èmi ń jẹ̀gbádùn ẹkún rẹ níbí. Má bínú.

Wọ́n ní mo lè máa ṣọ́ géètì, tàbí kí n gba ẹ̀tọ́ mi kí n máa lọ sílé. Mò ń bọ̀ nílé. Oṣù kejìlá ni ọkọ̀ òfuurufú. Mo ti kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó mú Màmá wá pàdé mi. Ìwọ, dúró nílé. Ọwọ́ yìí ò ṣeé wò láàárín èrò. Bí o bá wò ó tí o bá gbójú kúrò, mi ò fẹ́ kó jẹ́ níbi tí ayé ti ń wò wá.

Ọkọ rẹ. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́.


Ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, 1986

Bàbá Àwọn Ọmọ,

Ẹ kú ìrora, ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire. Ẹ kú ọwọ́ òsì pẹ̀lú. Mo fi lẹ́tà yín han àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ní òun mọ̀ ọ́n kọ jù yín lọ.

Ẹ ní inú yín ń dùn pé mò ń sunkún. Mo bínú títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú, mo wá rí i pé èmi náà ń rẹ́rìn-ín sínú aṣọ tí mò ń rán. Ẹ ó san án. Ẹ kàn máa bọ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin máṣíìnì: mi ò wo ọwọ́ rẹ̀ rí kí ẹ tó kọ̀wé. Ó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá torí pé abẹ́rẹ́ kán, mo wá ń wo ọwọ́ ọ̀hún. Ìka rẹ̀ pé lóòótọ́. Inú bí mi sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ni wọ́n ń dúró síbẹ̀ fún tí tiyín ò sí? Mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sí i fúnra mi, mo ní kó máa lọ. Kò mọ ohun tó ṣe.

Alásíá ti fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́. Ìbàdí wa dọ́gba. Àyà rẹ̀ fi díẹ̀ ju tèmi lọ, mi ò ní í sọ iye tó fi jù. Mo ti rán ẹ̀wù náà, aṣọ tó dára jù tí mo lè rí ni mo lò, ó balẹ̀ dé kókósẹ̀, ó fẹ̀ bí àgọ́. Kò sí ẹni tó máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó máa bá a lára mu lójú omi.

Ó ku ọ̀kan. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n yín, mo ní kó má wá sí pápákọ̀ òfuurufú. Ó ní ẹ̀yin lẹ rán òun níṣẹ́. Mo ní èmi ni mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ní àwọn ló bí yín, ṣé kì í ṣe àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ fojú kàn yín ni? Mo kúnlẹ̀ fún wọn, mo sì kọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí ọwọ́ yẹn nígbà tó pé. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi." Wọ́n ní kí n lọ.

Nítorí náà, èmi nìkan ni ẹ máa bá níbẹ̀. Mi ò ní í dúró nílé. Dókítà ti rí ọwọ́ yìí, nọ́ọ̀sì ti rí i, ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ ti rí i, Alásíá ti bá yín tú báńdéèjì rẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́. Bí ẹ bá ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹ ki ọwọ́ náà bọ àpò. Ẹ má fi na ìwé sí ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò bá ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ sọ fún un pé ìyàwó yín ò gbà. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ẹ fi máa dé iwájú mi.

Èmi ni màá yọ ọ́.

Télọ̀ yín.